Oògùn Tí Ẹ Ń Pín Bí Àáró

Ilé wa ní Kàbà,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tí èrò ti tú ká ní gbọ̀ngàn.

Dáre, ọmọ mi,

Okun o. Mo kí ọ kú iṣẹ́ oko, mo kí ọ kú oòrùn, mo sì kí ọ kú àfaradà ọ̀nà Amuro tí í máa tú eegun ènìyàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá rẹ wà lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń bá rédíò jiyàn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó rí mi pẹ̀lú bébà, ó ní bó bá jẹ́ ìwọ ni mò ń kọ̀wé sí, kí n má gbàgbé láti béèrè iṣu. Mo ní mo ti gbọ́. Kò mọ ohun tí mò ń kọ.

Ẹ̀rù ń bà mí, Dáre. Mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn kí o tó ka ohunkóhun mìíràn. Kì í ṣe ẹ̀rù ìyá tí ọmọ rẹ̀ pẹ́ lóde. Ẹ̀rù ẹni tó mọ ohun tó ń bọ̀ ni. Ẹni tí kò mọ̀ lè sùn. Èmi tí mo ti lo ọjọ́ ayé mi nídìí ìtọ́jú kíndìnrín, bí mo bá di ojú, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ ni mò ń rí, bí ẹni tó dúró lórí afárá tó ń wo omi tó ń kún lábẹ́ rẹ̀.

N kò pè ọ́ lórí fóònù nítorí pé ẹ̀rín lo máa ń fi ọ̀rọ̀ mi rín. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, wàá ní, “Iye, ẹ tún ti di dókítà,” nẹ́tíwọ́ọ̀kì á gé, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Lẹ́tà kì í gé. Ẹ́sítà, ìyàwó Rótìmí ọ̀rẹ́ rẹ nínú àáró, ni yóò fi í lé ọ lọ́wọ́ nígbà tó bá wá wo àwọn ọmọ wọn nílé. Jókòó kà á. Bó bá jẹ́ pé orí ọ̀kadà lo wà, sọ̀kalẹ̀.

Mo mọ̀ pé o ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo mọ̀ pé ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ nínú àáró lẹ jọ ń pín oògùn rẹ lò. Rótìmí ló sọ ọ́ fún mi, òun náà ló sì yọ̀ǹda pé kí n bá ọ sọ ọ́. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rò fún ọ.

O mọ gbọ̀ngàn ìjọ wa, níbi tí èmi àti àwọn nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ti ń wo àwọn ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, àwọn ìyá àgbà díẹ̀ ló ń wá, ó sì dà bí ẹni pé wọ́n ń wá bá ara wọn ṣeré ju pé wọ́n ń wá gba oògùn lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọlọ́kadà ló ń wá báyìí, aránṣọ, oníṣòwò, tíṣà ilé-ìwé aládàáni, àgbẹ̀ tí ìbàǹtẹ́ oko ṣì wà nídìí rẹ̀. Wọ́n ń ti Ponyan wá, wọ́n ń ti Mopa wá. Bẹ́ǹṣì kò gbà wọ́n mọ́, wọ́n ń jókòó sórí àtẹ̀gùn títí dé ẹnu géètì. Ohun tó ń já mi láyà ni pé ọjọ́ orí wọn ń kéré sí i. Tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ mi ni mò ń wò. Nísinsìnyí ẹgbẹ́ rẹ ni.

Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn kí a tú nǹkan palẹ̀, nítorí náà jẹ́ kí n tú u. Ní ilẹ̀ wa yìí, bí obìnrin bá lóyún, ó ṣì lè rí ibi tí wọ́n ti máa yẹ̀ ẹ́ wò láìgba ohun púpọ̀. Ọmọ ọwọ́ ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Òṣìṣẹ́ ìjọba ní káàdì adójútòfò ìlera, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀ kó má baà jẹ́ ọjọ́ àìsàn ni yóò máa sá kiri. Ẹni tó kù ni ẹni àárín: kì í ṣe ọmọdé, kò tíì darúgbó, kò lóyún, kò sì ní ọ̀gá tó ń san owó oṣù fún un. Òun náà ló sì ń bọ́ gbogbo àwọn tó kù. Òun ló ń kọ ebè, òun ló ń gbé wa lọ sí ọjà, òun ló ń rán aṣọ ilé-ìwé. Bó bá ṣubú, ilé wó. Síbẹ̀ òun gan-an ni a kò ka ara rẹ̀ sí ohun tó lè bàjẹ́.

Ní ìgbà tí o fi iṣẹ́ Lọ́kọ́ja sílẹ̀ tí o lọ gba oko bàbá bàbá rẹ ní Amuro, inú mi dùn. Mo sọ fún gbogbo ènìyàn. N kò rántí pé ọjọ́ náà gan-an ni ìwọ pẹ̀lú di ẹni àárín.

Rótìmí dé gbọ̀ngàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ẹ́sítà ń tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ẹni ń da ewúrẹ́.

“Okun o, Iye,” ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní, “Rótìmí, kí ló gbé ọ wá?”

“Kò sí nǹkan kan. Ẹ́sítà ló ní ká wá.”

Ẹ́sítà ní, “‘Kò sí nǹkan kan’ ló ń wí láti ìgbà tí bàtà rẹ̀ kò ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Tèmi ló wọ̀ wá. Ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ rẹ̀, Iye.”

Lóòótọ́, sálúbàtà obìnrin tó ní òdòdó pupa lórí ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọlọ́kadà kan lórí bẹ́ǹṣì ní, “Ọ̀gá, ó yẹ yín o. Báàgì rẹ̀ dà?” Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, Rótìmí náà rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí mo ti fi ìka tẹ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ibi tí mo tẹ̀ sì jìn wọlé, kò padà.

Mo wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo tún un wọ̀n ní apá kejì, nítorí mo rò pé ẹ̀rọ ló ń purọ́. Ẹ̀rọ kò purọ́.

“Ṣé o ń lo oògùn?”

“Mò ń lò ó, Iye. Mi ò fi ṣeré rárá.”

Ó tú ọ̀rá kékeré kan jáde nínú àpò rẹ̀, ó fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru hàn mí nínú rẹ̀. Ojúlówó ni. Mo béèrè bó ṣe ń lò ó. Ó ní bó bá ti kan òun ni.

“Báwo ló ṣe ń kàn ọ́?”

“Bí àáró ni, Iye. Ẹni tí oko rẹ̀ bá kàn lọ́sẹ̀ yẹn, òun ló máa lò ó lọ́sẹ̀ náà, torí òun ni ìrònú pọ̀ fún. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ó di ti ẹlòmíràn. A kì í dá jẹ nínú àáró. Dáre ló ń mú un wá, òun náà ń tẹ̀lé ìtò. Kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ rí.”

Mo ní, “Dáre wo?”

Ó wo ojú mi, ẹ̀rín rẹ̀ sì tán. “Iye, mo rò pé ẹ mọ̀ ni.”

Bí mo ṣe gbọ́ nìyẹn, ọmọ mi, láàrin èrò, pẹ̀lú rọ́bà ẹ̀rọ ní apá ọmọ ẹlòmíràn.

A yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ Rótìmí wò. N kò ní fi ọ̀rọ̀ ńlá bò ó mọ́lẹ̀: kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ìwọ rò pé ibà ló gbé e dé ilé ìwòsàn. Kì í ṣe ibà. Ohun tó kù fún un ni ẹ̀rọ tó ń bá ènìyàn fọ ẹ̀jẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń lò ó. A máa ń lò ó títí ni. Ẹni tí kò ní káàdì, tí kò ní ẹnikẹ́ni lẹ́yìn, máa ń lò ó fún ìgbà díẹ̀, yóò sì wá lọ sílé. N kò fẹ́ sọ fún ọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Mo ti rí i jù.

Nígbà náà ni ẹ̀rù mi di méjì. Ohun tí aláìsàn bá sọ fún mi, tirẹ̀ ni. N kò lè gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà, kódà bó bá jẹ́ ọmọ mi ló kàn. Mò ń jí ní òwúrọ̀, mò ń rò ọ́ lórí ebè, pé ọ̀sẹ̀ ta ni èyí, pé ṣé tìrẹ ni àbí ti ẹlòmíràn. Bí fóònù bá dún, mo máa ń wo orúkọ tó wà lórí rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án. Bàbá rẹ ní, “Ṣé o jẹ gbèsè ni?”

Nígbà tí n kò lè fara dà á mọ́, mo lọ bá Rótìmí ní wọ́ọ̀dù. Mo ní, “Rótìmí, ọ̀rọ̀ tí o sọ fún mi, n kò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kan. Ṣùgbọ́n Dáre ṣì ń pín oògùn.”

Ó ní, “Bí ẹ bá sọ fún un, yóò rò pé òun ló pa mí.”

“O kò tíì kú.”

“Iye. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.”

Ẹ́sítà tó jókòó síbi ẹsẹ̀ rẹ̀ ní, “Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ẹ̀ ń pa nǹkan mọ́ fún ara yín títí ilẹ̀ á fi pa ẹ̀yin náà mọ́.”

Rótìmí rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, “Ẹ sọ fún un, kó má baà pín in mọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ ó kọ́kọ́ sọ kí ẹ tó sọ ìyókù.” Ó sọ ohun náà. N óò sọ ọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbí.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. N kò tò ó bí mo ṣe máa ń tò ó fún àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́. Ọmọ mi ni ọ́.

Èkíní, n kò bú ọ. Inú bí mi fún ọjọ́ kan, ó ti tán. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ iṣẹ́ mi tán, tí mo rò pé ohùn líle jẹ́ ara oògùn, ìyá kan máa ń ti Ponyan wá sọ́dọ̀ mi. Nígbàkígbà tí mo bá wọ̀n ọ́n, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń rọlẹ̀ díẹ̀, mo sì ń yìn ín. Lọ́jọ́ kan ó ṣubú nínú ilé, wọ́n gbé e wá. Mo ní, “Màmá, ṣé ẹ ń lo oògùn?” Ó ní, “Mò ń lò ó, ọmọ mi. Gbogbo ọjọ́ tí mo bá ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ ni mò ń lò ó.” Mo ní àwọn ọjọ́ yòókù ńkọ́? Ó ní, “Àwọn ọjọ́ yòókù, ta ló fẹ́ wò mí?” Mo jágbe mọ́ ọn lójú gbogbo wọ́ọ̀dù. Nígbà tó lọ, kò padà wá mọ́. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ó ń ṣọ́ oògùn náà lò ni, nítorí kò mọ ibi tí òmíràn yóò ti wá. Mo bú u nítorí àìní. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí ẹni tó lo oògùn ségesège, n kì í béèrè pé ṣé o kò gbọ́n ni. Mo máa ń béèrè pé báwo ló ṣe ń dé ọwọ́ rẹ.

Nítorí náà mo mọ ohun tí ẹ ṣe àti ìdí tí ẹ fi ṣe é. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ní Mopa wọ̀n yín, ó ní ẹ̀jẹ̀ yín ga, ẹ padà sílé pẹ̀lú ìròyìn láìní ìwòsàn. Ìwọ nìkan lo ṣì ní káàdì, ti iṣẹ́ Lọ́kọ́ja tí kò ní pẹ́ parí. O wo àwọn tó kọ ebè fún ọ, o kò lè gbé oògùn mì níṣojú wọn. Èmi ni mo tọ́ ọ. Mo mọ ibi tí o ti kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ẹ kò mọ̀. O rántí asẹ́ tí ìyá àgbà fi ń sẹ́ ògì. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Bí o bá ń rọra da omi sí i, yóò sìn ọ́ pẹ́. Bí o bá ń gbé omi sókè tí o ń rọ́ ọ lé e lórí pẹ̀lú agbára, kò ní ya lọ́jọ́ kan. Òwú rẹ̀ á máa já ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, o kò sì ní mọ̀, nítorí ògì ṣì ń jáde. Ọjọ́ tí o bá rí èèrí nínú ògì, asẹ́ ti lọ. Kíndìnrín ni asẹ́ ara. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni omi tí a ń rọ́ lé e. Kì í dunni. Ó lè má fọ́ ọ lórí, ó lè má dá ọ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ènìyàn lè máa kọrin lóko nígbà tí òwú ń já. Kò sì sí abẹ́rẹ́ tí a fi ń rán asẹ́ yìí.

Oògùn kì í sì í ṣe oko. Oko tí a ro lọ́sẹ̀ yìí yóò dúró de ọ̀sẹ̀ mìíràn. Iṣẹ́ tí oògùn ṣe lónìí, ọ̀la kò bá a níbẹ̀. Bí ẹ bá kọ́ afárá dé ìdajì odò, kì í gbé ènìyàn dé ìdajì ọ̀nà. Àárín omi ló ń gbé e sọ sí. Àwọn oògùn kan wà, bí a bá dá wọn dúró lójijì, ẹ̀jẹ̀ á padà wá pẹ̀lú ìbínú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Yàtọ̀ sí èyí, oògùn tó bá ọ mu lè dí èémí ẹni tó ní ikọ́ fée. Nínú yín, ta ló mọ ẹni tó ní in? Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ohun mìíràn tí mo bẹ̀ ọ́ fún ni oògùn ìrora. Mo mọ̀ pé lẹ́yìn iṣẹ́ àáró, ẹ máa ń rà á lọ́wọ́ oníkẹ́mísìtì, ẹ ó sì gbé e mì kí ẹ̀yìn baà lè rọ̀. Rótìmí jẹ́wọ́ fún mi pé kò sí ìrọ̀lẹ́ tí òun kì í lò ó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ kíndìnrín bí ikán ṣe ń jẹ òrùlé. Fi omi gbígbóná ra ẹ̀yìn rẹ. Sinmi. Dín iyọ̀ kù, kí o sì dín Magí kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ìwọ lò ń dáná fún ara rẹ, kò sì sí ohun tí ọkùnrin tó ń dáná fún ara rẹ̀ kì í da Magí sí. Bí ojú rẹ bá wú ní òwúrọ̀, bí ìtọ̀ rẹ bá ń hó bí ọṣẹ, bí èémí rẹ bá ń kúrú nígbà tí o bá dùbúlẹ̀, má dúró de ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ kọjá.

Mo ti ronú lórí ìdí tí o fi fi í pamọ́ fún mi. Mo rò pé ojú ló ń tì ọ́, pé ọmọ dókítà kíndìnrín ní ohun tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bàbá rẹ ló fún ọ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, bó ti fún ọ ní iwájú orí gbọọrọ yẹn. Òun náà ní in kí a tó bí ọ. Àràárọ̀ ló ń fi àkàmù gbé oògùn rẹ̀ mì, ìdí nìyí tó fi wà lábẹ́ máńgòrò tó ń bá rédíò jà. Káàdì ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló ń gbà á fún un. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin bàbá rẹ àti Rótìmí kò ju ìyẹn lọ. Kì í ṣe ọgbọ́n, kì í ṣe ìwà, kì í sì í ṣe àdúrà, nítorí Rótìmí ń gbàdúrà ju bàbá rẹ lọ.

Nípa káàdì náà: ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ máa ń ro ilé, ó máa ń ro owó oṣù, kì í ro ara. Wọ́n ní ètò wà tí àgbẹ̀ àti oníṣòwò lè fi orúkọ sí, kí wọ́n máa dá díẹ̀díẹ̀. Lọ wádìí rẹ̀, ìwọ tí o mọ bí wọ́n ṣe ń rìn ní ọ́fíìsì, kí ẹ sì jọ lọ nígbà tí ara ṣì le. Ṣùgbọ́n n kò ní tàn ọ́ jẹ. Àwọn kan wà tí díẹ̀ náà kò sí lọ́wọ́ wọn, àwọn kan sì wà tí ọ̀nà kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Fún wọn, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ nìkan ló kù, gbọ̀ngàn arúgbó kan ní Kàbà kò sì lè jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi ló ń fi oògùn ránṣẹ́ sí wa. Bó bá pẹ́ kó tó dé, a máa ń dá ènìyàn padà. Orúnkún mi ń dùn mí. Mo máa ń wo èrò orí àtẹ̀gùn, mo máa ń rò pé bí mo bá ṣubú, ta ni yóò ṣí gbọ̀ngàn? Bí ẹ bá pé jọ ní ìpàdé ìlú, dìde sọ ọ́. Sọ pé bí a ti ń tún ọ̀nà ṣe ni kí a máa tún ara ènìyàn ṣe, kí ó má jẹ́ àánú, kí ó jẹ́ ètò. Wọ́n á gbọ́ ọ ju bí wọ́n ṣe ń gbọ́ mi lọ, nítorí wọ́n rò pé oògùn ni mo fẹ́ tà.

Mo ṣì fẹ́ sọ èyí. N kò ní kí ẹ má pín nǹkan mọ́. Ẹ mọ ohun tó ń dá àwọn ènìyàn dúró láti wá sí gbọ̀ngàn? Ọjọ́ kan tí àgbẹ̀ bá fi sílẹ̀ nígbà iṣẹ́, koríko ò ní sùn. Ìyẹn gan-an ni àáró lè gbé. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá ń lọ gba ìtọ́jú, kí àwọn yòókù wọ oko rẹ̀. Kí ẹnì kan bá a lọ, kí ó lè gbọ́ ohun tí dókítà wí, nítorí etí aláìsàn kì í gba gbogbo rẹ̀. Ẹ máa béèrè lọ́wọ́ ara yín ní àràárọ̀ pé, “O ti lò ó?” Ẹ pín ọjọ́, ẹ pín ìrìn, ẹ pín etí. Kí oníkálukú gbé oògùn tirẹ̀ mì. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ọ̀fun kì í ṣe ọwọ́.

Ẹ́sítà sọ fún mi pé oko rẹ ló kàn ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mò ń bọ̀ wá sí Amuro lọ́jọ́ iṣẹ́ náà, èmi pẹ̀lú nọ́ọ̀sì kan. Má se oúnjẹ dè mí. Kó gbogbo wọn jọ sí abà kí oòrùn tó mú. N óò wọ̀n yín lọ́kọ̀ọ̀kan, a óò gba ẹ̀jẹ̀ yín fún àyẹ̀wò, a óò sì fi orúkọ yín kún ti gbọ̀ngàn. N kò mọ bí oògùn náà yóò ṣe tó. Mo mọ̀ pé a óò bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ na apá. Kí wọ́n rí i pé ojú kò tì ọ́. Nígbà tí o wà ní kékeré, bí ibà bá mú ọ, ìwọ fúnra rẹ lo máa ń na apá sí mi kí n tó béèrè, wàá sì yí ojú sí ara ògiri. Bí o bá fẹ́, yí ojú sí ara ògiri. Ṣáà ti na apá náà. Bí ohun tí mo bá bá níbẹ̀ bá burú, kí n bá a ní ìgbà tí ọwọ́ mi ṣì lè ṣe nǹkan sí i. Ìyẹn nìkan ni mò ń tọrọ, lójoojúmọ́, láti ìgbà tí Rótìmí ti tú ọ̀rá yẹn níwájú mi.

Ó ku ohun tó ní kí n kọ́kọ́ sọ. Mo fi í sí ìdí ìwé nítorí mo mọ̀ ọ́: bó bá ṣáájú ni, wàá pa lẹ́tà náà dé níbẹ̀, wàá bú sẹ́kún, o kò sì ní ka ti asẹ́ àti ti oògùn ìrora. Rótìmí ní kí n sọ fún ọ pé òun dúpẹ́. Ó ní ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ó bá kan òun, òun mọ̀ pé ìwọ fúnra rẹ kò lò ó.

Ìyá rẹ tó ń retí apá rẹ.